Ta ni Mahi, ta ni Itcha? Ọ̀rọ̀ ìran láàrin Savalou àti Bantè

Nígbà tí ìjọba Benin ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2013, wọ́n to àwọn ẹ̀yà ní agbo-agbo. Wọ́n kọ àwọn Itcha ti Bantè sábẹ́ «Yorùbá àti àwọn tó bá wọn tan». Wọ́n kọ àwọn Mahi ti Savalou sábẹ́ «Fọ̀n àti àwọn tó bá wọn tan». Lójú ẹni tó jókòó sí Kútọnu, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: ìlú méjì, ìran méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ ọ̀nà tó ti Savalou gòkè lọ sí Bantè, tó sì tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́jà, yóò rí i pé ààlà inú ìwé kò bá ti ẹnu àwọn ènìyàn mu. Tchetti wà lábẹ́ kọmúùnù Savalou, síbẹ̀ ẹ̀ka Ifẹ̀ nínú èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń sọ ní Atakpamé ní ilẹ̀ Togo.

Àwọn Mahi kì í ṣe ọmọ bàbá kan. Kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ orúkọ náà, àwọn tó ń sọ oríṣiríṣi èdè Yorùbá ti ń gbé lórí àwọn òkè tó wà láàrin Savalou, Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn gòkè wá láti gúúsù, láti àfonífojì odò Ouémé àti láàrin àwọn tó bá Adja-Tado tan. Púpọ̀ nínú wọn ń sá fún ọba Àgbómè, tí agbára rẹ̀ ń gbèrú sí i. Wọ́n bá àwọn onílé lórí òkè, wọ́n fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n sì jọ ń bọ ojúbọ kan náà. Ìdílé ọba Savalou pàápàá kò fi èyí pamọ́: ìtàn ààfin sọ pé Ahosu Soha, bàbá ńlá àwọn Gbaguidi, láti agbègbè adágún Ahémé ló ti wá, ó sì bá àwọn tó ń sọ Yorùbá níbẹ̀.

Èdè àwọn àlejò ló borí. Èdè Mahi wà nínú agbo èdè tí ọ̀jọ̀gbọ́n Hounkpati Capo pè ní Gbe, ó sì sún mọ́ Fọ̀n pẹ́kípẹ́kí. Ìdí nìyí tí ìwé ìkànìyàn fi kà wọ́n mọ́ Fọ̀n. Àmọ́ bí ilé kan bá pa èdè ìyá rẹ̀ tì, ìyẹn kò sọ pé ìyá náà kò sí rí.

Orúkọ wọn pẹ̀lú ti di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní láti inú ọ̀rọ̀ Fọ̀n ló ti wá, pé àwọn tó pín ọjà sí méjì ni wọ́n. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sylvain Anignikin kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí iyàn náà lọ́dún 2001.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí àdúgbò wa. Ní Mòǹgólíà, àwọn darandaran kan tí a ń pè ní Xiongnu gba agbára ńlá láti ọdún 209 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀rúndún mélòó kan ni wọ́n sì fi ń bá àwọn ọba Ṣáínà jà. Wọn kò kọ ìwé sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń bá jà ló kọ ìtàn wọn. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn bóyá ìran Turki ni wọ́n tàbí ti Mongol. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA inú egungun wọn wò, nínú ìwádìí tó jáde ní 2020 àti 2023, wọ́n rí i pé ìran púpọ̀ ló pàdé nínú wọn, kódà nínú itẹ́ òkú kan ṣoṣo.

Ohun tó so àwọn Mahi pọ̀ ni ogun. Agaja, tó wà lórí ìtẹ́ Àgbómè títí di 1740, àti Tegbesu, tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1774, gbógun tì wọ́n léraléra. Òkè ni ibi ìsádi. Ẹni tó bá sá gun òkè náà kò ní ráyè béèrè èdè tí aládùúgbò rẹ̀ ń sọ. Àwọn tí ọwọ́ bá tẹ̀ di ẹrú tí wọ́n ń tà ní Ouidah, orúkọ wọn sì bá wọn sọdá òkun. Ní Bràsíl, àwọn onílé òrìṣà kan ń pe ara wọn ní Jeje Mahi títí dòní. Ní Matanzas ní ilẹ̀ Kúbà, Arará Sabalú ni wọ́n ń jẹ́, láti ara orúkọ Savalou.

Nínú ìsìn ni ìdàpọ̀ yìí ti hàn jù. Ìtàn Àgbómè gbà pé láti ìhà Ìdáàṣà àti Mahi ni Sakpata, tí Yorùbá ń pè ní Ṣànpọ̀nná, ti wọ ìlú náà, anagonu, èyíinì ni ará Ànàgó, ni wọ́n sì ń pe àwọn ìyàwó òrìṣà náà. Nàná Bùkúù ńkọ́? Savalou ń bọ ọ́, Ìdáàṣà ń bọ ọ́, àwọn ará Togo ń bọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ fi òrìṣà ya Mahi sọ́tọ̀ kúrò lára Yorùbá gbìyànjú rẹ̀ wò.

Àwọn Itcha ní tiwọn ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Bantè, ará Agoua àti ará Akpassi, oníkálukú ló ní ìtàn ìrìnàjò tirẹ̀, gbogbo wọn kò sì rìn lọ́jọ́ kan náà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí èyí jẹ́ ìtàn àtijọ́ lásán. Láti Atacora àti láti ìhà Àgbómè, àwọn àgbẹ̀ ń wá ilẹ̀ wá sí kọmúùnù méjèèjì. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ àbáláyé mú un wá fún ìmúdájú. Bí iyàn bá dé, ìtàn ìdílé ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́: ta ló kọ́kọ́ tẹ ibí dó? Ẹni tó bá ń fi orúkọ Mahi tàbí Itcha nìkan dáhùn ti gbàgbé pé àlejò àti onílé ló jọ bí púpọ̀ nínú àwọn ìdílé náà.

Bí ìkànìyàn mìíràn bá sì dé, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Mahi láti Logozohè, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Itcha láti Gouka, yóò tún ní láti mú ẹyọ kan.