Ẹ Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Yín Nílé, Ẹ sì Wọ̀n Ọ́n Dáadáa

Nínú gbogbo ohun tí a lè yẹ̀ wò lára wa fúnra wa, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí eyín ń dùn kò ní jẹ́ kí ará ilé sùn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láì dùn ún níbì kankan, kí ó sì máa ba ọkàn, kíndìnrín àti ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀ ni ó tó mọ̀. Àwọn ènìyàn wa a máa ní, “Orí kò fọ́ mi, n kò ní in.” Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè sọ.

Ẹ̀rọ tí ń lo bátìrì, tí a ń wé aṣọ rẹ̀ mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́, ni kí ẹ rà. Èyí tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ a máa ṣini lọ́nà. Bí apá bá tóbi tí aṣọ náà sì kéré, iye tí yóò gbé jáde yóò ga ju òtítọ́ lọ. Bí agbára kò bá ká a, ẹgbẹ́ àwọn ìyá lè dáwó ra ọ̀kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe nìyí. Màmá ti ọjà dé, òógùn ṣì wà lójú rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Iye tí ẹ̀rọ bá sọ nígbà náà, ti òòrùn àti ẹrù ni! Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí ọ̀kan má gun èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ó bá àyà dọ́gba. Ẹ má wé aṣọ ẹ̀rọ náà lé apá bùbá. Ara gan-an ni kí ó wà. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5 láì sọ̀rọ̀, kí ọmọ má sì wá béèrè owó ilé ìwé lásìkò náà. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú 1 wà láàárín.

Iye tí ó wà ní nǹkan bí 120 lórí 80 dára. Bí ó bá ń jẹ́ 135 lórí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé léraléra, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́. Ìgbà kan ṣoṣo kò tó láti fi dá ara yín láyà já: ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó lo òògùn, àti ní alẹ́, fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, títí kan èyí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Aláboyún tí tirẹ̀ bá dé 140 lórí 90 kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Ó ku ọ̀rọ̀ àárín ara wa nínú ìjọ. Àwọn kan rò pé ẹni tí ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni, Pọ́ọ̀lù sì fi iṣẹ́ náà pè é láì tijú. Àwọn mìíràn ń lo òògùn, ẹ̀rọ sọ 120 lórí 78, wọ́n jẹ́rìí, wọ́n sì da òògùn nù. Òògùn náà ni ó ń ṣiṣẹ́ tí iye fi wálẹ̀! Bí Ọlọ́run bá ti wò yín sàn, dókítà yóò rí i, òun ni yóò sì dín òògùn kù. Ẹ̀yin aya, ẹ bá wa fi sùúrù sọ èyí fún àwọn bàbá.

Bí iye òkè bá dé 180, tàbí tí ìsàlẹ̀ dé 120, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dun ènìyàn, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò gbé mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má wá ẹ̀rọ rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru. Ẹ má fún un ní omi tàbí oúnjẹ, kí ẹnì kan sì kọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, nítorí dókítà yóò béèrè.