Ìwà Tí Ọmọkùnrin Kọ́ Nílé Ló Ń Gbé Dé Ìgboro

Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí kì í fẹ́ gbọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀ lórí rédíò, èrò wa ni pé àwọn kan fẹ́ yí òfin Ọlọ́hun padà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká bi ara wa léèrè: ǹjẹ́ bí a ṣe ń ṣe sí obìnrin nínú ilé ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwà ọ̀daràn ìgboro? Ó ní.

Àwa tí a wà ní Ara, Ẹdẹ àti Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Ọmọ tí a tọ́ níbí ló ń gba yàrá nítòsí ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ẹdẹ, òun náà ló ń lọ wá iṣẹ́ ní Èkó.

Ìwádìí ìjọba lórí ìlera ará ìlú lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49 ní Nàìjíríà, 31 ni wọ́n ti lù tàbí ṣe léṣe rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Nínú àwọn tí ìlù tàbí ìfipábánilòpọ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ó ju ìdajì lọ tí kò wá ìrànlọ́wọ́ rárá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí ń gbà bí ìwà ọ̀daràn. Àkọ́kọ́, ọmọ tó ń wo bàbá rẹ̀ tó ń lu ìyá rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá lágbára ló ni ẹ̀tọ́. Kì í ṣe gbogbo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń di jàǹdùkú, ṣùgbọ́n a ti fi ọ̀nà hàn án.

Èkejì, a kì í bi ọmọkùnrin léèrè. Bí ọmọbìnrin bá pẹ́ níta, gbogbo ilé á dìde. Bí ọmọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ bá gbé ọkọ̀ olówó ńlá wálé, àdúrà la máa ń ṣe fún un. Ẹ̀yìn náà la ó gbọ́ pé yahoo ló ń ṣe, tàbí pé ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ fi ṣògùn owó. Ìbéèrè tí à ń bi ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ ká máa bi arákùnrin rẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹta ni bíbo àṣírí ọ̀daràn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n ti pe àwa aàfáà sí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tí àwọn àgbà ń bẹ̀bẹ̀ pé ká má jẹ̀ẹ́ kó dé etí ìta nítorí orúkọ ìdílé. Ẹni tí a bò mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tún un ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn. Ànọ́bì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì ti kọ́ wa pé ìrànlọ́wọ́ tí a ó ṣe fún ọmọ ìyá wa tó ń ṣe àbòsí ni pé ká dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ẹ̀sìn wa kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Lárúbáwá kan ń ri ọmọbìnrin mọ́lẹ̀ láàyè. Al-Kùránì ló fòpin sí i. Súrátù Nisáì, áyà keje, sọ pé obìnrin ní ìpín nínú ogún. Ìyá wa Áíṣà jẹ́rìí pé Ànọ́bì kò fọwọ́ lu obìnrin kankan rí. Nána Asmáù, ọmọ Ṣéú Usman dan Fodio, kó àwọn obìnrin jọ, ó sì ń rán wọn káàkiri abúlé láti kọ́ àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìdọ́gba nínú iyì, ìmọ̀ àti ààbò kò ní kí ọkùnrin má jẹ́ ọkùnrin mọ́.

Kò túmọ̀ sí pé èyí nìkan yóò lé olè kúrò nílùú. Àìríṣẹ́ṣe àti ebi wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún ìyàwó, inú ọkọ kan lè bàjẹ́, kí lílù sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa kọ́ ọkùnrin pẹ̀lú, kì í ṣe obìnrin nìkan.

Òfin wà. Oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tó ka ìwà ipá sí ẹnikẹ́ni léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni fún àgbàlagbà tó bá fipá báni lò pọ̀, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n ṣe é fún. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí ọmọ náà má tíì wẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Lẹ́yìn náà, ẹ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin lemọ́mù, ẹ fi ṣe kùtúbà. Ẹ̀yin ìyá asalátù, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rí yín bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bi àwọn ọmọkùnrin yín níbi tí wọ́n ti ń bọ̀ lálẹ́ òní. Kí Ọlọ́hun bá wa tún ilé wa ṣe. Àmín.