Bí Òfin Ohun Àtijọ́ Ṣe Dé, àti Bí Ilojo Bar Ṣe Wó

Ó ku ọ̀la Iléyá, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ni wọ́n wó Ilojo Bar ní Ìta Tinúubú, l'Ékòó. Ilé tí òfin ti ń ṣọ́ láti 1956 ni o. Ìdílé Fernandez ló ni ín nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1855, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tẹ̀ lókè bí òṣùmàrè. Irin aláràbarà ni wọ́n fi ṣe ọgbà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Bí a bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí àwọn baba wa kọ́ bọ̀ láti oko ẹrú, ara ògiri yẹn la ti lè rí i.

Ifẹ̀ ni òfin náà ti ṣẹ̀. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ọkọ́ kan orí idẹ. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi dé òkè òkun: ọ̀kan ṣì wà ní British Museum dòní, méjì tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan rà, 1950 ló tó dá wọn padà. Kenneth Murray, òyìnbó olùkọ́ iṣẹ́ ọnà tó ti dé Nàìjíríà ní 1927, kò dákẹ́. Ó bá ìjọba amúnisìn fà á títí wọ́n fi fi í ṣe alábòójútó ohun àtijọ́ ní 1943. Ní 1953, òfin jáde: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ohun àtijọ́ kúrò nílùú láìgbàṣẹ, ilé tí ìjọba bá sì kéde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Ìjọba ológun tún un ṣe ní 1979.

Lójú tèmi, orí idẹ ló gba ọkàn àwọn tó kọ òfin yẹn jù. Orí idẹ ṣeé tì mọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé ní onílé: ìdílé Ọláìyá ti ra Ilojo Bar ní 1933, wọ́n ń bí sí i, ogún ń pín sí i. A ní kí wọ́n má wó o. Ta ni yóò sanwó bíríkìlà? Ilé ń gbó, ilẹ̀ Tinúubú sì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí wọ́n kéde ní 1965, òfin nìkan kọ́ ló gbà á sílẹ̀. Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn abọ̀rìṣà ló dìde sí agégẹdú àti ọdẹ, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tún ojúbọ ṣe. 2005 ni UNESCO tó dá sí i.

L'Ékòó, Ilé Olómi àwọn da Rocha, ìdílé Àgùdà mìíràn, ṣì wà ní òpópónà Kakawa. Kí ìjọba lọ bá àwọn onílé Àgùdà tó ṣẹ́ kù jókòó, lójúlé dé ojúlé, kí wọ́n gbé owó àtúnṣe kalẹ̀ kí òmíràn tó wó.