Ọbẹ̀ Ẹran Tó Sùn sí Orí Ààrò Di Ìgbà Sààrì



Lóṣù Ramadan, nígbà tí a bá kírun Asr tán, àwa tí a wà ní ilé oògùn ti máa ń mọ ẹni tí yóò wọlé. Yóò di ikùn mú, yóò ní inú ń run òun, òun sì ń ṣu gbuuru, kí a tètè ta Flagyl fún òun. Bí a bá béèrè ohun tó fi ṣe sààrì, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹran màlúù ni. Ìgbà wo lẹ sè é? "Ká tó ṣínu lánàá ni." Ibo ló sùn? "Orí ààrò náà ni."

Láti agogo 7 alẹ́ di agogo 4:30 ìdájí, wákàtí 9 ààbọ̀ ni. Ẹran náà lè jẹ́ hàláálù, ọwọ́ tó sè é sì lè mọ́. Wákàtí tó lò níta ló bà á jẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò

Kòkòrò kan wà tí à ń pè ní Clostridium perfringens. Inú ìfun ẹran àti inú ilẹ̀ ló ń gbé. Iná ń pa á, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú rẹ̀ máa ń wọ inú èèpo líle tí iná ìdáná kì í ràn. Bí ọbẹ̀ bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn yóò jáde. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ẹyọ kan lè di méjì. Ìkòkò ńlá tí a dé pa, tí òróró bo ojú rẹ̀, kì í sì í tètè tutù. Ọbẹ̀ náà lè má kan, kó má sì rùn. Wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́ ni inú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í run.

Bí a ó ṣe sè é

Fún ènìyàn 6: ẹran màlúù kílò 1, tàtàṣé 4, tòmátò 6, ata rodo 3, àlùbọ́sà 2, òróró ìdajì ife. Ẹ gé ẹran kéékèèké, ẹ fi àlùbọ́sà, iyọ̀ àti atalẹ̀ bọ̀ ọ́ títí yóò fi rọ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọ̀bẹ àti pátákó kí ẹ tó gé nǹkan mìíràn lórí rẹ̀. Ẹ se ata lílọ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ dín in, ẹ da ẹran àti omi rẹ̀ sí i, kó hó fún ìṣẹ́jú 15.

Bí a ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Kí ẹ tó jókòó ìṣínu, ẹ ti bu ti sààrì sọ́tọ̀ sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó má jìn ju ínǹṣì 2 lọ. Ẹ gbé abọ́ náà sínú omi tútù, ẹ máa rò ó. Bó bá ti tutù díẹ̀, ẹ dé e, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa á láṣẹ pé kí á máa bo abọ́ wa lálẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3.

Ní sààrì, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ ni kí ẹ gbé kaná. Ẹ jẹ́ kó hó dáadáa, ẹ sì máa rò ó. Kí ó kàn gbóná lọ́wọ́ kò tó.

Bí kò bá sí iná ọba, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán ní ìṣínu. Kí ẹ se ẹyin fún sààrì.

Bí inú bá ti ń run

Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan. Flagyl kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ẹ ra ORS, ẹ fi omi mímọ́ pò ó ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Fún ọmọdé, ẹ béèrè síǹkì pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ojú ọmọ jìn wọnú, tí kò sì tọ̀, ilé ìwòsàn yá. Súúrà Al-Baqarah, aayah 184 àti 185, ti ṣe é ní ìrọ̀rùn fún aláìsàn: kó ṣínu, kó san án padà nígbà tí ara bá yá.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kó sì fún wa ní àlàáfíà láti gbà á parí. Àmín.