Ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó jẹ́ irọ́: bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀

Lẹ́tà kan dé sínú àpótí í-meèlì yín. Ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í ṣe àjèjì. Ọ̀rẹ́ yín ni, tàbí ẹ̀gbọ́n yín tó wà lókè òkun. Ó ní fáírọ́ọ̀sì burúkú kan ti jáde, pé yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, pé kò sí oògùn rẹ̀, àti pé kí ẹ tètè fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ bá mọ̀. Àyà yín já. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Ó ṣeé ṣe kó má sí fáírọ́ọ̀sì kankan rárá, kó jẹ́ pé lẹ́tà yẹn gan-an ni àrùn náà, kó sì jẹ́ ọwọ́ yín ni yóò gbà ran ẹlòmíràn.

Fáírọ́ọ̀sì tòótọ́ wà, a kò jiyàn rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, èyí tí wọ́n pè ní Melissa gba orí í-meèlì tàn káàkiri. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ILOVEYOU tẹ̀ lé e, ó sì wá bí ẹni pé lẹ́tà ìfẹ́ ni. Ohun tó mú kí irọ́ náà rí ẹni gbà á gbọ́ nìyẹn. Ayédèrú owó kì í ṣeé ná níbi tí kò bá sí owó gidi.

Ṣùgbọ́n irọ́ náà ti wà ṣáájú àwọn méjèèjì yìí. Ní òpin ọdún 1994, ìkìlọ̀ kan jáde pé ẹnikẹ́ni tó bá rí lẹ́tà tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Good Times kò gbọdọ̀ ṣí i, nítorí pé kíkà á lásán yóò ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi kún un pé àjọ FCC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ìkìlọ̀ náà. Àjọ náà kò ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí fáírọ́ọ̀sì kankan tó ń jẹ́ Good Times. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni lẹ́tà náà fi ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Nígbà tó di ọdún 2001 àti 2002, irọ́ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Lẹ́tà tuntun sọ pé kí olúkúlùkù wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bóyá yóò rí fáìlì kan tó ń jẹ́ sulfnbk.exe. Èyí tó tẹ̀ lé e dárúkọ jdbgmgr.exe, tí àwòrán ọmọ béárì kékeré wà lára rẹ̀. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé àwọn ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kò lè rí i, kí ẹ yára pa á rẹ́. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n rí i lóòótọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn pa á rẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ojúlówó fáìlì tó bá Windows wá ni àwọn méjèèjì. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé bí ẹ bá rí ọmọńlé lára ògiri yín, ọ̀tá ló rán an, ilé ta ni a kò ti ní rí ọmọńlé? Ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan nítorí pé kò sí nǹkan kan láti rí.

Báwo wá ni a ṣe ń dá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ̀? Èkíní, yóò ní kí ẹ fi òun ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀. Èyí ni àmì tó tóbi jù, nítorí ẹ̀yin ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Bí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ sí èèyàn 10, tí olúkúlùkù wọn náà tún fi ránṣẹ́ sí 10, ní ìpele kẹfà yóò ti di lẹ́tà 1,000,000. Èkejì, yóò fi orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò ní sọ ibi tí ẹ ti lè ka ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kì í ní déètì. "Àná" tàbí "lọ́la" ni yóò máa wí. Ẹ̀kẹrin, ìbẹ̀rù pọ̀ nínú rẹ̀ ju àlàyé lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyí. Irọ́ náà ti kó kúrò nínú í-meèlì lọ sórí fóònù. Láti ọdún 2017 ni ìkìlọ̀ kan ti ń rìn lórí WhatsApp pé lọ́la ni fídíò kan tó ń jẹ́ Martinelli yóò jáde, tí yóò ba fóònù jẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀la náà kò tíì dé títí di òní. Ní ọdún 2019, WhatsApp dín iye ibi tí èèyàn lè fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà kù sí 5. Ní ọdún 2020, ó dín ti èyí tó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kù sí ẹyọ kan.

Àwọn kan yóò ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ìkìlọ̀ lásán ni. Ó burú o. Bí èèyàn bá ń pariwo olè lálaalẹ́ láìsí olè, lálẹ́ ọjọ́ tí olè bá dé gan-an, kò sẹ́ni tí yóò jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ti kọ́ láti pa fáìlì rẹ́ nítorí pé lẹ́tà kan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tẹ ohun tó léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Nítorí náà, bí ìkìlọ̀ bá dé, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ orúkọ fáírọ́ọ̀sì náà sínú Google, kí ẹ sì ka ohun tí àwọn tó ń ṣe ètò ààbò kọ̀ǹpútà wí nípa rẹ̀. Bí kò bá yé yín, ẹ bi ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bó bá sì jẹ́ irọ́, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Kò mọ̀ ni.