Ṣé o mọ̀? Àwọn aláwọ̀ dúdú wà lára àwọn Mọ́mọ́nì tó tẹ Utah dó

Aláwọ̀ funfun nìkan kọ́ ló tẹ Utah dó ní Amẹ́ríkà. Ní 1843, wọn kò gba Jane Manning, Mọ́mọ́nì aláwọ̀ dúdú, àti ẹbí rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi ní ìlú Buffalo. Ni wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn dé Nauvoo, ìlú àwọn Mọ́mọ́nì nígbà náà, nǹkan bí 1,280 kìlómítà. Bàtà wọn já, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn là, ẹ̀jẹ̀ wọn sì hàn nílẹ̀. Ní 1847, Jane dé Utah tọkọtọmọ. Ẹnìkan lè sọ pé ìgbà tó darúgbó ló tó ròyìn ìrìnàjò náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó fi bẹ àwọn olórí ìjọ fún ìlànà tẹ́ḿpìlì ṣì wà nílẹ̀. Ipò ọmọ nínú ìdílé Joseph Smith, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, ló tọrọ. Ní 1894, ipò ìránṣẹ́ ni wọ́n fún un, ìyẹn sì dùn mí gan-an. Kò dẹ́kun ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn náà.