Òkun nínú Ìtàn-Àròsọ àti Ọjà Àpòmù

Ọ̀rọ̀ ìwé ìtàn-àròsọ nípa ìrìn-àjò ojú òkun ni a gbé ka iwájú lónìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa béèrè pé: kí ló dé tí akọni inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi, tí akọni inú ìwé Yorùbá sì ń wọ igbó? Ìbéèrè náà tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Daniel Defoe gbé Robinson Crusoe jáde ní 1719. Frederick Marryat ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi kí ó tó di òǹkọ̀wé. Robert Louis Stevenson tẹ Treasure Island ní ìwé ní 1883. Erékùṣù ni ilẹ̀ wọn. Òkun ni ọ̀nà ọrọ̀ àti òkìkí lójú wọn. Ṣùgbọ́n kí ni Crusoe ń lọ ṣe nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ rì? Láti Brazil ni ó ti gbéra láti wá ra ẹrú ní etíkun Guinea, èyíinì ni ilẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹni tí ó bá fo ibẹ̀ kò tíì ka ìwé náà.

Ibi yìí gan-an ni Ìkirè àti Àpòmù ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Ìlú méjèèjì jìnnà sí òkun ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, síbẹ̀ òkun nawọ́ kàn wọ́n. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí a tẹ̀ ní 1921, a kà pé ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tà níbẹ̀. Àti pé gbólóhùn asọ̀ nínú ọjà náà wà lára ohun tí ó dá ogun Òwu sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ogun ìgbà náà kó ni a tà dé etíkun, tí wọn kò sì padà mọ́.

Ọmọ Òṣogùn kan padà. A mú Àjàyí lẹ́rú ní 1821; a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Potogí tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Òun ni Samuel Àjàyí Crowther, tí ó kọ ìtàn náà sínú lẹ́tà kan ní 1837. Ìtàn ojú òkun ni èyí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn-àròsọ, ẹni tí ó wọ ọkọ̀ náà kò sì fi ìfẹ́ inú rẹ̀ wọ̀ ọ́.

Lójú tèmi, èyí wà lára ìdí tí D. O. Fágúnwà fi yan igbó ní 1938 nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ọdẹ a máa fúnra rẹ̀ wọ igbó, a sì máa padà wálé wá ròyìn. Ẹni tí a tà sí òkun kì í sábà rí ààyè ròyìn. Fágúnwà kò kúkú pa omi tì: nínú Ìrèké Oníbùdó (1949), Arògìdìgbà wà nínú ibú. Nínú Ìrìnàjò, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1949 kan náà, ó ròyìn ìrìn-àjò tirẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí tí ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ Crusoe, ẹ gbé lẹ́tà Crowther tì í. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: ta ni ó dúró lókè ọkọ̀, ta ni a dè mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀? Olùkọ́ tí ó wà ní Ìkirè tàbí Àpòmù lè bẹ̀rẹ̀ láti ọjà ìlú. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn.